Addi Bâ, sójà ọmọ Gìnì tí Jámánì mú: ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ mi



Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, ti ilé ìwé dé. Ó fi pọ́pì, òdòdó pupa tí wọ́n máa ń fi bébà ṣe yẹn, há aṣọ láyà. Ó ní olùkọ́ àwọn sọ̀rọ̀ lórí àwọn sójà tí ọ̀tá bá mú lójú ogun. Olùkọ́ ní tí wọ́n bá ti mú sójà, orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló máa sọ, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà fún un. Ó wá wò mí lójú, ó ní: "Mọ́mì, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún àwọn sójà tiwa? Àwọn dúdú?"

Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó tán ná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ parọ́ fún un, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ òótọ́ náà lórí ìkòkò àmàlà.

Ilé wa kò jìnnà sí itẹ́ òkú Brockley and Ladywell. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lápá ibí yìí á mọ̀ ọ́n, ibi tí igi pọ̀ tó dà bí igbó yẹn. Itẹ́ méjì ni tẹ́lẹ̀, ti Deptford àti ti Lewisham, ọdún 1858 ni wọ́n ṣí àwọn méjèèjì, ògiri ló sì wà láàárín wọn títí di 1948. Àwọn sójà Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì wà níbẹ̀. Ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, a rìn dé ibẹ̀, èmi àti ọmọ mi. Ó ń ka orúkọ lára òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ òyìnbó ni gbogbo èyí tí a kà. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá. Nígbà tí a délé, mo kó àwọn ìwé tí mo ní sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo tún kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe inú ilé tèmi nìkan ni irú ìbéèrè yìí ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1929, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva ní Switzerland, wọ́n sì ṣe ìwé àdéhùn kan lórí àwọn tí wọ́n bá mú lójú ogun. Ìwé náà ní kí wọ́n ṣe ẹni tí wọ́n mú bí èèyàn, kí wọ́n dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ìlùkulù àti ẹ̀sín. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kọjá orúkọ àti ipò rẹ̀, tàbí nọ́ńbà rẹ̀. Kódà bí ó bá sá lọ, tí wọ́n tún rí i mú kó tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, àhámọ́ tí kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ ni ìyà tó tóbi jù tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ nítorí sísá tó sá. Jámánì fọwọ́ sí ìwé yìí, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1934. Japan fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò fi òǹtẹ̀ lù ú títí ogun fi parí.

Fún àwa Yorùbá, nǹkan àjèjì ni irú òfin bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ogun abẹ́lé tiwa nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ogun bá kó, ẹrú ni, àfi tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá rí owó rà á padà. Ọmọdé ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther nígbà tí ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n sì tà á dé orí ọkọ̀ ẹrú, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló ń hùwà ìkà sí ẹni tó mú lógun. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò ní ṣe é, ó sì fọwọ́ sí i.

Òfin náà sì ṣiṣẹ́ fún àwọn kan lára wa o. Johnny Smythe, ọmọ Freetown ní Sàró, wà lára àwọn tó ń fi bàálù Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù. Ní oṣù Kọkànlá 1943, wọ́n yìnbọn já bàálù wọn lulẹ̀ ní Jámánì, wọ́n sì mú un. Inú àgọ́ àwọn ọ̀gá sójà orí afẹ́fẹ́ ní Barth ló wà títí ogun fi parí, ó sì jáde láàyè. Òun náà ló wà nínú ọkọ̀ Empire Windrush ní 1948 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn èrò inú rẹ̀, ó sì di lọ́yà lẹ́yìn náà. Ọ̀gá sójà ni, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní ọmọ Jámánì lọ́wọ́ tó lè gbẹ̀san lára wọn.

Àwọn tó wọ aṣọ Faransé ní 1940 kò ní gbogbo èyí.

Faransé ti ń kó ọmọ Áfíríkà ṣe sójà tipẹ́tipẹ́. Tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sẹ̀nẹ̀gà nìkan ni wọ́n ti wá. Ọmọ Gìnì wà níbẹ̀, ọmọ Màlì, ọmọ Ivory Coast, ọmọ Dàhòmì náà, ìyẹn ilẹ̀ tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà. Nígbà tí Jámánì ya wọ Faransé ní oṣù Karùn-ún 1940, iwájú ogun ni wọ́n kó wọn sí.

Jámánì ti ní kùnrùngbùn sí wọn tipẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Faransé fi sójà dúdú sára àwọn tó ń ṣọ́ agbègbè odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ìròyìn wọn sì fi pariwo pé ìtìjú ńlá ni, pé ẹranko ni wọ́n kó wá ṣọ́ àwọn. Ọmọ tó ń ka ìwé ìròyìn yẹn nígbà náà ló dàgbà di sójà ní 1940. Wọ́n tún ní àdá kékeré tí àwọn tirailleurs ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ohun ìjà ọmọlúàbí. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń fi bàálù ju bọ́ǹbù lu ìlú ló ń ráhùn àdá.

Ní Airaines, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1940, wọ́n mú Kápútèènì Charles N'Tchoréré, ọmọ Gabon. Wọ́n fẹ́ tò ó mọ́ àwọn ọmọ ogun lásán nítorí pé ó dúdú. Ó ní ọ̀gá sójà Faransé ni òun, kí wọ́n ṣe òun bí ọ̀gá. Ibẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa á sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tóun náà jẹ́ sójà, kú lójú ogun. Ní Chasselay, nítòsí Lyon, ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù Kẹfà kan náà, wọ́n ya àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn funfun lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n kó wọn sínú pápá, wọ́n sì rọ̀jò ìbọn lé wọn lórí. Ọkùnrin ará Faransé kan, Jean Marchiani, ló ṣa òkú wọn jọ, tó sì kọ́ itẹ́ alámọ̀ pupa fún wọn bí ilé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. 1942 ni wọ́n ṣí i. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, 196 ni ibojì inú rẹ̀.

Raffael Scheck, onímọ̀ ìtàn tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2006, ṣírò pé àwọn dúdú tí Jámánì pa lẹ́yìn tí wọ́n ti mú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn lè tó 1,500 sí 3,000. Kì í ṣe pé gbogbo sójà dúdú tí wọ́n mú ni wọ́n pa o. Ọ̀pọ̀ ló wọ àgọ́, inú Faransé níbẹ̀ ni wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn dúró sí, nítorí Jámánì kò fẹ́ kí àwọ̀ wọn tẹ ilẹ̀ òun.

Àwọn ará Jámánì tún fẹ́ kí àwọn dúdú náà jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, ní ìlú Chartres, wọ́n gbé ìwé kan síwájú gómìnà agbègbè náà, Jean Moulin, pé kó fọwọ́ sí i pé tirailleurs ló pa àwọn ará ìlú tí òkú wọn wà nílẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n lù ú títí, kò fọwọ́ sí i. Lóru, ó mú ìgò tó fọ́, ó fi gé ara rẹ̀ lọ́rùn kí ọwọ́ òun má baà kọ irọ́ náà. Kò kú. Òun ló wá di olórí àwọn tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀ ní Faransé. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ní, mo sì máa ń rántí ọkùnrin yìí tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé gbogbo òyìnbó ìgbà yẹn ló dákẹ́.

Inú oṣù Kẹfà yẹn náà ni wọ́n mú Addi Bâ, ẹni tí mo torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Fúlàní ni, ọmọ orílẹ̀-èdè Gìnì, Mùsùlùmí. Nǹkan bí 1916 ni wọ́n ń fi ìbí rẹ̀ sí. Kí ogun tó dé, ó ti wà ní Faransé, ó gbé ní ìlú Langeais pẹ̀lú ẹbí òyìnbó kan tó mú un wá láti Gìnì, ó sì dé Paris. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1939, fúnra rẹ̀ ló lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fi í sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirailleurs kejìlá. Ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ á rí i pé ojú ọmọdé ló wà lọ́rùn aṣọ sójà. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò síngbọnlẹ̀ rárá.

Ní àárín oṣù Kẹfà 1940, ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ bá Jámánì jà ní abúlé Harréville-les-Chanteurs, ní ìhà ìlà oòrùn Faransé. Ìjà náà gbóná, ọ̀pọ̀ wọn ló kú. Àwọn tó kù, Addi Bâ pẹ̀lú wọn, ni wọ́n mú, wọ́n sì kó wọn lọ sí bárékè ní ìlú Neufchâteau. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ilé jìnnà, àwọn tó mú un sì ń pa irú rẹ̀ ní àwọn ibòmíràn lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, Faransé fọwọ́ sí ìwé pé òun ò jà mọ́.

Addi Bâ kò dúró kó rí ohun tí wọ́n máa fi òun ṣe. Òun àti àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá jáde, wọ́n wọ inú igbó. Àwọn ará abúlé ló ń gbé oúnjẹ fún wọn níbẹ̀, wọ́n ń bò wọ́n láṣìírí. Nígbà tó yá, ó ṣètò bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọdá sí Switzerland. Òun alára lè bá wọn lọ. Kò lọ. Abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tollaincourt, ní agbègbè Vosges, ló jókòó sí, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko.

Ibi tí mo ti máa ń dúró ronú nìyí. Ọkùnrin dúdú kan ṣoṣo ní abúlé òyìnbó, tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri lójú ọ̀nà, tí Jámánì wà káàkiri. Kò sí bí ó ṣe lè fara pamọ́ bí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti gbogbo ayé. Ohun tó bò ó kì í ṣe igbó, ẹnu àwọn ará abúlé ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ti lọ sọ, ó ti parí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi pa ẹnu mọ́. Àwa tí a ti gbé ní ojúlé kan ní ìlú yìí fún ọdún mẹ́wàá, tí aládùúgbò kò mọ orúkọ wa, á mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní 1942, ó bá àwọn tó ń ta ko Jámánì ní ìkọ̀kọ̀ dòwò pọ̀. Ní oṣù Kejì 1943, ìjọba Faransé tó ń ṣe ìfẹ́ Jámánì ṣe òfin pé kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣiṣẹ́ ọ̀ranyàn ní Jámánì. Ọ̀pọ̀ kò lọ, wọ́n sá. Addi Bâ wà lára àwọn tó dá àgọ́ sílẹ̀ nínú igbó fún wọn ní oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n pè é ní La Délivrance, ìyẹn Ìdáǹdè, ọ̀kan lára àwọn àgọ́ irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ wà ní agbègbè náà. Ẹ wò ó: ọmọ Gìnì tí wọ́n ti mú lójú ogun ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ Faransé bí wọ́n ṣe ń fìbọn jà lórí ilẹ̀ baba wọn. Orúkọ tí àwọn ará Jámánì fún un ni "adúdú apániláyà". Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ń wá a.

Ní oṣù Keje 1943, àṣírí àgọ́ náà tú. Wọ́n mú Addi Bâ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbìyànjú láti sá, wọ́n yìnbọn bà á lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní Épinal, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ gidi gan-an kí ó lè dárúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń bọ́ wọn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1943, wọ́n mú un jáde pẹ̀lú ọkùnrin ará Faransé kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Marcel Arburger, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn méjèèjì lórí òkè kan tó kọjú sí ìlú náà.

Ọmọ mi dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní: "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ ní tí ẹni tí wọ́n mú bá sá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni." Mo ní òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ rẹ wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n mú un nínú igbó ní 1940, ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjuwọ́sílẹ̀ tí Faransé fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1940, ibì kan wà tó ní ọmọ Faransé tó bá tún gbé ìbọn sí Jámánì lẹ́yìn ìgbà náà, wọn ò ní kà á sí sójà mọ́. Bí ọlọ́ṣà tó ń yìnbọn láti ẹ̀yìn igbó ni wọ́n á kà á sí, ikú sì ni. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè tó wọ aṣọ sójà sí Addi Bâ lọ́rùn ló tún fi ìwé bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí òfin bò ó dáadáa. Nígbà tí kò sí aṣọ mọ́, òfin alára ti kúrò níbẹ̀.

Ọgọ́ta ọdún ló tó kí Faransé tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tó ta ko Jámánì. 2003 ni wọ́n fún un, òun ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Ní Langeais àti Tollaincourt, òpópónà wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Tierno Monénembo, òǹkọ̀wé ọmọ Gìnì, kọ ìwé ìtàn àròsọ lórí rẹ̀ ní 2012, Étienne Guillermond sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní 2013. Ní 2017, wọ́n ṣe fíìmù tó dá lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "Ìtàn Fúlàní àti Faransé nìyẹn, níbo ni tiwa wà?" Tiwa wà ní Bọ́má. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé á rántí pé kò sí àdúgbò tí kò ní bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Bọ́má, tí kì í fẹ́ kí ọmọdé bi òun léèrè ọ̀rọ̀ ogun.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1944, lẹ́bàá odò Kaladan ní Bọ́má, Japan ká wọn mọ́. Ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ wà kú níṣojú rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́ kù nínú igbó, àwọn ọmọ ogun tiwọn sì ti lọ. Ẹ rántí pé Japan kò fi òǹtẹ̀ lu ìwé Geneva. Ọkùnrin Mùsùlùmí kan láti abúlé ibẹ̀, Shuyiman, ló rí wọn, ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ọ̀tá wà, kí àwọn sójà Gurkha tó dé ní oṣù Kejìlá 1944.

Fadoyebo padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́má, ó sì rí ẹbí Shuyiman níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú ní Èkó. Èmi fẹ́ràn láti ka ìtàn ti Tollaincourt àti ti abúlé Bọ́má yìí pa pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, àlejò dúdú tí àwọn ará oko fi ẹ̀mí ara wọn bò. Ọ̀kan délé, ọ̀kan kò dé.

Àwọn tó tilẹ̀ jáde nínú àgọ́ Jámánì láàyè, kì í ṣe gbogbo wọn ló délé. Ní oṣù Kọkànlá 1944, Faransé kó tirailleurs tó ti wà lọ́wọ́ Jámánì padà sí àgọ́ Thiaroye lẹ́bàá Dakar. Wọ́n béèrè owó oṣù wọn tí ìjọba jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lù wọ́n. 35 ni ìjọba sọ pé ó kú, àwọn onímọ̀ ìtàn ní ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a; ti Thiaroye gba ọgọ́rin. Oṣù Kọkànlá 2024 ni Ààrẹ Macron kọ̀wé sí Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà pé ìpakúpa ni.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní gbèsè tirẹ̀ lórí orúkọ. Ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ibojì àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, Commonwealth War Graves Commission, gbé ìwádìí jáde ní oṣù Kẹrin 2021. Wọ́n jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan, tàbí tí wọn kò rántí rárá, kò dín ní 116,000, ó sì lè tó 350,000. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló jẹ́ ọmọ Áfíríkà, Íńdíà àti Íjíbítì. Wọ́n tọrọ àforíjì.

Ti Ogun Hítílà sàn díẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹnì kan nínú ẹbí tó lọ sí Bọ́má tí kò padà wá, ẹ lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojúewé ìgbìmọ̀ yẹn, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀. Wọn ò gbowó. Ẹ wá ibi tí wọ́n bá kọ "Nigeria Regiment" sí. Ọ̀pọ̀ lára wọn ló wà lára ọwọ̀n ìrántí Rangoon ní Bọ́má. Àkíyèsí kan ṣoṣo: ẹ má retí àmì ohùn, ẹ má sì retí pé wọ́n á kọ orúkọ náà bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ẹ fi "sh" dán an wò, ẹ fi "s" dán an wò, ẹ fi orúkọ ìlú dán an wò, nítorí wọ́n máa ń fi ìlú èèyàn ṣe orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú ọmọ lọ wo nǹkan, básì 37 láti Peckham á gbé yín dé Brixton. Ní Windrush Square, ọwọ̀n ìrántí àwọn sójà Áfíríkà àti Caribbean wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2017. A ti lọ. Kò sí orúkọ èèyàn lórí rẹ̀, orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi rí ti Nàìjíríà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ ìtàn náà tán, ó jókòó sídìí tábìlì, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni Addi Bâ nígbà tí wọ́n pa á. Mo ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ní àbúrò mi ọkùnrin ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́. Ó wá gbé ojú sókè, ó ní kí ni fìlà kékeré tó wà lórí "a" yẹn, ṣé ó pọn dandan? Mo ní kó fi sí i.